Lẹ́tà Kò Wo Gìrì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ẹ wà nípò, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá ń wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn ìjọba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bá a kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kankan. Ẹ bi í bóyá ó ti sọ ìwé-àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, nítorí ọdún 3 péré ni ó ń lò. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe bí gìrì bá mú ọmọ lóru, tí dókítà kò sì sí nítòsí. Bí ìgbìmọ̀ agbanisíṣẹ́ kò bá bi í, wọ́ọ̀dù yóò bi í. Bí lẹ́tà bá gbé aláìmọ̀kan wọlé, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Dáníẹ́lì kò mú lẹ́tà lọ sí Bábílónì. Ọba dán an wò, ó sì yege.