Adágún Chad àti Máàkì Olùkọ́

Bí ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ìbéèrè kan lórí Adágún Chad, tí ìdáhùn gbogbo wọn sì bára mu láti orí dé ìdí, inú olùkọ́ mìíràn a máa dùn pé iṣẹ́ òun ti yọrí. Ní tiwa, ẹ̀rù ni ó yẹ kí ó bà á. Odídẹrẹ́ a máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í fi ọ̀ràn ìlú lọ odídẹrẹ́. Àwọn ọmọ tí ń bẹ lórí ìjókòó ilé-ìwé lónìí ni yóò di òṣìṣẹ́ ọba, aṣòfin àti oníròyìn lọ́la. Bí a bá ń fún wọn ní máàkì nítorí pé wọ́n há ìwé sórí, gbogbo wa ni yóò jìyà rẹ̀ ní ọjọ́ tí odò bá kún tàbí tí kànga bá gbẹ.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí ó tọ́ láti díwọ̀n èrò akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀ràn ilẹ̀, omi àti ojú ọjọ́ tí ń lọ lọ́wọ́ ní àyíká wa. Ìdánwò lórí orúkọ olú-ìlú àti gígùn odò kò ṣòro láti máàkì: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbà á, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pàdánù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbéèrè bá di ohun tí ó fa ọ̀ràn, àwọn tí ó kàn àti ohun tí a lè ṣe sí i, òṣùwọ̀n a máa bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ jẹ́ kí a fi adágún yìí kan náà ṣe àpẹẹrẹ.

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ní 1963, adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ó ti súnkì títí kò fi ku ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ìyípadà ojú ọjọ́ ni ó fà á, láìpẹ́ yóò sì gbẹ tán. Kò sí irọ́ nínú iye àkọ́kọ́. Òótọ́ sì ni pé ọ̀dá tí ó mú ní ilẹ̀ Sahel ní 1972 sí 1973, àti èyí tí ó tún mú ní 1983 sí 1984, lé omi náà sẹ́yìn títí ó fi wálẹ̀ dé nǹkan bí 2,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ ròyìn lásán ni. Kò tíì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Èwo ni ìtúpalẹ̀? Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò kọ́kọ́ béèrè ìdí tí a fi ń ka ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti 1963. Àkókò tí òjò pọ̀ gidigidi ni, adágún náà sì kún ju bí ó ti máa ń rí lọ. Ní nǹkan bí 1908, omi rẹ̀ ti fà sẹ́yìn rí. Ẹni tí ó bá ń fi ọjọ́ tí ó kó èsúsú díwọ̀n ọrọ̀ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa kígbe pé òun ti di òtòṣì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí èyí ti kọjá ẹni tí ó há iye mẹ́wàá sórí.

Lẹ́yìn èyí, yóò wo bí adágún náà ti rí. Kò jìn rárá; awo pẹrẹsẹ ni ó jọ. Bí omi inú awo pẹrẹsẹ bá dín díẹ̀, etí rẹ̀ a gbẹ jìnnà. Odò Chari pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀, Logone, ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú omi náà wá láti gúúsù, nítorí náà òjò tí ó rọ̀ sí orísun odò wọ̀nyí ṣe pàtàkì sí i ju èyí tí ó rọ̀ ní Maiduguri lọ. Láti ìgbà ọ̀dá àwọn ọdún 1970 ni ó ti pín sí apá àríwá àti apá gúúsù. Ìwádìí tí a fi sátẹ́láìtì ṣe, tí a tẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé fún nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú àkókò náà, adágún yìí kò súnkì sí i mọ́. Ọmọ tí ó kọ ọ́ pé yóò gbẹ tán láìpẹ́ sọ ohun tí ìwé rẹ̀ sọ fún un. Èyí tí ó mọ̀ pé ìwé a máa gbó, máàkì tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó pọ̀.

Kò ní gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ wa gbé iṣẹ́ bíbomirin oko ńlá kan kalẹ̀ ní etí adágún náà ní Borno, pẹ̀lú ìpinnu láti bomi rin nǹkan bí 67,000 hẹ́kítà. Nígbà tí ọ̀dá 1983 sí 1984 dé, omi sá jìnnà sí ẹnu ipa omi tí a gbẹ́. Ṣé omi ni ó dalẹ̀ ni, àbí àwọn tí ó ṣètò ni ó ka ọdún tí omi kún sí ọdún gbogbo? Bẹ́ẹ̀ náà, àgbẹ̀ tẹ̀lé omi lọ, wọ́n gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sórí ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ó fi sílẹ̀. Apẹja pàdánù, àgbẹ̀ rí jẹ. Ẹni tí kò bá rí àwọn méjèèjì, ojú kan ni ó fi wo ọ̀ràn náà.

Ọ̀ràn ìṣèlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1964, Nàìjíríà, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ìgbìmọ̀ agbègbè adágún náà sílẹ̀. Ní oṣù kejì 2018, ìpàdé tí a ṣe ní Abuja fọwọ́ sí èrò àtijọ́ pé kí a fa omi láti agbègbè odò Congo wá kún un. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Kí ni àwọn tí ń mu omi Congo yóò sọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ a sì máa kọ ọ́ pé gbígbẹ adágún ni ó bí ogun Boko Haram. Ìṣẹ́ lè mú kí ọ̀nà burúkú wu ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri ní 2009 ní gbòǹgbò mìíràn nínú ẹ̀sìn, nínú ìṣàkóso àti nínú ìwà àwọn agbófinró. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Nínú ogún máàkì, kí olùkọ́ fi mẹ́rin sí ibi tí ọ̀ràn wà àti máàpù tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Kí ó fi márùn-ún sí àwọn okùnfà àti bí ọ̀kan ti ń ti èkejì. Kí mẹ́rin wà fún ẹ̀rí, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Mẹ́rin fún àwọn tí ó jèrè àti àwọn tí ó pàdánù. Kí mẹ́ta tí ó kù jẹ́ ti ìdájọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ bá ti olùkọ́ mu, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Òṣùwọ̀n yìí kò mọ sí Borno. Nígbà tí omi bo Kogi, Bayelsa àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní 2022, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 600, gbogbo ẹnu ni ó ń dá Lagdo lẹ́bi, dáàmù tí ó wà lórí odò Bẹ́núè ní Kamẹrúùnù. Omi Lagdo wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò àpọ̀jù rọ̀ sí ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, a ti kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà odò, dáàmù tí a sì gbèrò láti kọ́ sí Dasin Hausa kí ó lè gba omi náà dúró, a kò kọ́ ọ parí títí ìkún omi fi dé. Ẹni tí a kọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru àlejò kò ní rí iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ní ilé ara rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ yóò wí pé ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, àyè kò sì sí. A mọ̀ ọ́n, àtúnṣe rẹ̀ sì wà lọ́rùn ìjọba. Síbẹ̀, àròkọ kan ṣoṣo ní sáà kan, tí olùkọ́ fi ara balẹ̀ kà, sàn ju mẹ́wàá tí ó kàn fàlà sí lọ. Ọ̀ràn èdè ni èkejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní èrò tí ó já gaara, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ń dí i lọ́nà. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn. Kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jiyàn ọ̀ràn náà ní èdè abínibí wọn, ìbáà ṣe Yorùbá, Haúsá tàbí Kanuri, kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì; kí olùkọ́ jọ́gíráfì má sì fi àṣìṣe gírámà gba máàkì èrò lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àjèjì ni ó kọ́kọ́ ya máàpù ilẹ̀ wa, àwọn ni ó sì fa ààlà tí ó pín adágún yìí láàrin orílẹ̀-èdè mẹ́rin. Òmìnira tí a gbà ní 1960 kò ní pé bí àwọn ọmọ wa kò bá lè ka ilẹ̀ ara wọn fúnra wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni bírò pupa wà. Ohun tí ẹ bá fún ní máàkì ni ọmọ yóò máa wá kiri.