Pátákó Oníná àti Ọmọ Tí A Fi Sílé

  

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lẹ́nu àwa ọmọ ẹgbẹ́, ó sì tọ́ kí a gbé e sójú ìwé yìí kó tó dé ìpàdé gbogboogbò. Àwọn kan ní kí a yọ nínú owó tí a ń yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, kí a fi ra pátákó oníná kan fún ilé-ìwé àwọn akàndá ẹ̀dá, ìyẹn àwọn ọmọ tí wọn kò gbọ́ràn, tí wọn kò ríran dáadáa, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn kò ṣe déédéé, tàbí tí ẹ̀kọ́ máa ń pẹ́ kó tó wọ̀ wọ́n lórí. Àwọn mìíràn ní ìnákúnàá gbáà ni, pé iṣẹ́ ìjọba ni. Èrò tèmi ni pé ohun tó dára ni pátákó yìí, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kí owó wa kọ́kọ́ bá lọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní pátákó oníná ná? Pátákó funfun ńlá ni, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì níbi tí pátákó dúdú àti ṣọ́ọ̀kì máa ń wà. Ẹ̀rọ projector á máa tan àwòrán láti inú kọ̀ǹpútà sí i lára. Bí olùkọ́ tàbí ọmọ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á dáhùn: àwòrán á ṣí, lẹ́tà á tóbi, ohùn á jáde. Ilé-iṣẹ́ SMART Technologies ti ilẹ̀ Kánádà gbé irú rẹ̀ jáde ní 1991. Èyí tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí kò tilẹ̀ nílò projector mọ́, ó dà bí tẹlifíṣọ̀n gbàràmù tí a ń fọwọ́ tẹ̀. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan náírà, a kò tíì ka ohun tí yóò máa gbé iná fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ohun ìṣeré ni. Ẹ wo ọmọ adití. Nígbà tí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó dúdú tó ń kọ̀wé, ẹ̀yìn ló kọ sí ọmọ náà. Ọmọ kò rí ẹnu rẹ̀, kò rí ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti dúró nìyẹn títí olùkọ́ á fi yíjú padà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti wà nínú ẹ̀rọ láti ilé, olùkọ́ á kọjú sí ọmọ, á máa fi èdè ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, àwòrán á sì máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí kò lè di gègé mú. Ó lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ìgbọ̀nwọ́ fa àwòrán kúrò níbì kan lọ síbì kejì, kí gbogbo kíláàsì sì rí i pé ó gbà á. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, a lè sọ lẹ́tà di ńlá fún un, kí a kọ ọ́ ní àwọ̀ ìyeyè sórí dúdú. Ní ti ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè wọ̀ lórí, ẹ̀rọ lè tún ohun kan náà ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún láì bínú, láì pariwo mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àmọ́ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Ọmọ tó fọ́jú pátápátá, kí ni yóò fi gíláàsì tó ń dán ṣe? Ìwé Braille tó lè fọwọ́ wá ló nílò, tàbí fóònù tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè sí i létí. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí iná tó ń ṣẹ́jú àti ariwo máa ń dà wọ́n láàmú, àwọn kan tí wárápá ń ṣe sì wà tí iná tó ń ṣẹ́ yẹ̀rìyẹ̀rì lè ru ú sókè sí wọn lára. Bí wọ́n bá sì gbé pátákó kọ́ sókè bí ẹni gbé àwòrán kọ́ sí pálọ̀, ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò ní lè nawọ́ kàn án. Àwòran ni yóò máa wò.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Èmi kò ní láti kọ́ ọmọ Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba ní ohun tí wọ́n ń pè ní àìsí iná. Láti 2013 ni iná ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, NẸ́PÀ la sì tún ń pè é títí dòní, nítorí ìwà kan náà ni. Ẹ ní kí a fi jẹnẹrétọ̀ gbé e? Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun tútù mọ bí bẹntiróò ṣe ń jẹ èrè. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò rò: ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí, gbogbo ariwo ni ẹ̀rọ yẹn ń gbé lọ sí i létí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún gbùù lẹ́bàá fèrèsé, òun náà ni ọmọ á máa gbọ́, kò ní gbọ́ olùkọ́. Ẹ wò ó, a ra ẹ̀rọ láti ran ọmọ lọ́wọ́, a tún fi jẹnẹrétọ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn létí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iná kì í ṣẹ́jú pàápàá, ẹ gbọ́ bó ṣe rí níbẹ̀. Ìjọba wọn náwó gọbọi láàrin 2003 sí 2004 láti fi pátákó yìí sí ilé-ìwé. Nígbà tí àwọn olùwádìí Institute of Education ti Yunifásítì London gbé àbájáde wọn jáde ní 2007 lórí àwọn ilé-ìwé girama ti London, wọn kò rí i pé ó mú kí àwọn ọmọ yege ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí olùkọ́ bá ṣe mọ̀ ọ́n lò ló ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò mọ aṣọ rán, bí ẹ ra maṣíìnì tuntun fún un, ìlọ́po aṣọ ni yóò bàjẹ́.

Ìtàn ti wa níhìn-ín náà kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Andrew Foster, adití ni, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Alabama ní Amẹ́ríkà. Etí rẹ̀ di nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Ní 1954 ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití. Ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Àkúrá ní 1957, nígbà tó sì di nǹkan bí 1960, ó dá òmíràn sílẹ̀ níhìn-ín nílé Olúyọ̀lé, kó tó tàn dé Enugu àti Kàdúná. Kò gbé pátákó oníná wá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì gbà pé ọmọ adití lè mọ̀wé. Àwọn ọmọ tí ará ilé wọn rò pé kò sọ́gbọ́n lórí wọn wá di ẹni tó mọ̀wé. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a sọ pé a kò mọ ibi tí a ó ti rí olùkọ́ tó gbọ́ iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí gan-an nìyí. Ọmọ tí kò dé ilé-ìwé, kí ni pátákó inú ilé-ìwé fẹ́ ṣe fún un? Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Nínú agbo ilé wa láti Mápó dé Bẹyẹrúnkà, ṣé kò sí ọmọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn tí àlejò kì í rí? Ẹlòmíràn á ní àfọwọ́fà ni, ẹlòmíràn á ní ojú ń ti òun, ẹlòmíràn á ní kí wọ́n má baà sọ pé ìdílé àwọn ní àrùn, kí ọmọ òun obìnrin má baà rí ọkọ fẹ́. Àwọn ìyá mìíràn sì wà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ náà, ọ̀nà ni kò sí. Cheshire High School tí a mọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìjokòdó, ẹ̀ka adití ilé-ìwé Methodist Grammar School wà ní Bódìjà. Láti Ọjà'ba, mélòó ni mọ́tò téèyàn á wọ̀? Dẹ́rẹ́bà Máíkírà wo ló fẹ́ gba ọmọ tó lẹ́rù kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara nígbà tí èrò mẹ́ta ń dúró? Ìyá náà ní àtẹ tó gbọ́dọ̀ pa. Ó gbé e lọ lọ́jọ́ kìíní, ó gbé e lọ lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kejì ọmọ ti padà sí yàrá.

Ní ti àwọn tó ní iṣẹ́ ìjọba ni, òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 sọ pé ọmọ akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Kí a máa béèrè ẹ̀tọ́ yẹn, ká má dákẹ́. Àmọ́ bí a bá ní ká jókòó dúró, ọmọ ọdún mẹ́fà òní á ti lé ní ogún ọdún. Àwọn 28 tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, tálákà ni wọ́n. Síbẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n ń ya náírà méjì-ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, bí a bá fi owó tiwa ṣírò rẹ̀. Wọn kò ní kí ìjọba wá ṣe é. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ọmọ tí a sì fi pamọ́ náà, ọmọ wa ni.

Ìmọ̀ràn mi nìyí o:

Èkíní, kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi pẹ̀lẹ́tù béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ló ní irú ọmọ yìí nílé? Kí a má pariwo orúkọ ẹnikẹ́ni sí ìpàdé. Ká kàn mọ iye wọn àti ohun tó ń ṣe wọ́n.

Èkejì, kí owó ẹ̀kọ́ wa ti ọdún yìí kọ́kọ́ lọ sórí ọkọ̀. Bí ọmọ bá tó mẹ́fà tàbí méje lójú ọ̀nà kan, kí a bá dẹ́rẹ́bà kan tó ṣeé fọkàn tán sọ ọ́ lóṣooṣù. Nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa gan-an a kò ní wá a tì.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ lọ bá àwọn olùkọ́, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣaláìní. Ó lè jẹ́ bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni, ó lè jẹ́ ìwé Braille. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bó bá jẹ́ pátákó oníná ni wọ́n ní àwọn fẹ́, ẹ jẹ́ ká rà á, tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n kí a rà á pẹ̀lú sólà àti bátìrì rẹ̀, kí a san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ méjì ó kéré tán, kí a sì fi owó àtúnṣe ọdún mẹ́ta sí báńkì kí a tó gbé e kọ́. Kí a gbé e kọ́ sísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ tó jókòó á tó.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe kọ orúkọ alága tàbí akápò sí i lára gàdàgbà. Kí a máa ka ìròyìn rẹ̀ ní ìpàdé ọdọọdún bí a ṣe ń ka ìròyìn owó: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, ọmọ mélòó ló ń lò ó, kí ni wọ́n ti mọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí a bá ra pátákó tí ọmọ wa ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn, fótò la rà. Bí a bá mú ọmọ jáde tí kò tilẹ̀ tíì sí pátákó, a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí a bá pe ìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọmọ tí kò lè wá sí ìpàdé kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú o. Àṣẹ.