Ásímà Ọmọ Ìgboro, Ásímà Ọmọ Abúlé

Àwọn òbí ní Kaneshie níbí máa ń sọ ọ́ fún wa: ọmọ tí kò wúkọ́ rí lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé Accra tán, àyà rẹ̀ wá ń súfèé lóru. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo Kumasi ná. Ní 1993, àwọn olùwádìí ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ sáré fún ìṣẹ́jú 6, wọ́n sì wọn èémí wọn. Nǹkan bíi 3 nínú 100 ni àyà wọn há. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2003, ó ti lé ní 5. Àwọn ọmọ olówó ìgboro ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ tálákà ìgboro àti ọmọ abúlé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Èéfín ọkọ̀ Kaneshie ń dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Inú fóòmù àti kápẹ́ẹ̀tì ni kòkòrò eruku tí ojú kò lè rí ń gbé. Ní agbègbè Accra wa yìí, wọ́n rí i pé awọ ara àwọn ọmọ tó ní aràn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kì í sábà wú bí wọ́n bá fi kòkòrò eruku dán an wò. Ẹ má torí èyí fi oògùn aràn du ọmọ o! Aràn náà ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́.

Orúkọ pàápàá ń dá wàhálà sílẹ̀. Ikọ́ fée là ń pe ásímà, etí àwọn kan sì ń gbọ́ ikọ́ ife, ìyẹn TB. TB ló ń ràn, ásímà kì í ràn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun.

Ínhélà kì í sì í di bárakú. Aláwọ̀ búlúù ń ṣí àyà tó há; èyí tí dókítà ní kó máa fà lójoojúmọ́ ni kì í jẹ́ kó há, ẹ má dá a dúró torí pé ara ti yá. Ọmọ kékeré kì í lè fà á dáadáa láìsí ike tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu. Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa fi hàn ní 1999 pé ike omi mílílítà 500, tí wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí ínhélà lè wọ̀ ọ́ gírígírí, ń ṣiṣẹ́ bíi ti olówó gọbọi. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bí èémí kò bá jẹ́ kí ọmọ sọ gbólóhùn kan tán, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ máa fún un ní búlúù náà lójú ọ̀nà. Korle Bu kò jìnnà sí wa.