Ọwọ́ Ara Ẹni: Alùpùpù Wa Kò Jó Bàtá Mọ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń jò ni a sọ lójú ewé yìí nígbà tó kọjá. Alùpùpù ló kàn. Púpọ̀ nínú yín ti rí wa lórí rẹ̀ rí, ẹ sì ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Honda CG125 ni, ti ọdún 1996. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé ilé kan ni a dáwó rà á ní pọ́n-ùn 450, nítorí pé bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn máa ń ti lọ kí iṣẹ́ wa ní ilé àyẹ̀wò tó parí. Ọ̀kan nínú wa ní ìwé ìwakọ̀ pípé. Ìwé CBT ọlọ́dún méjì àti pátákó L ni àwa yòókù fi ń gùn ún, nítorí náà a kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Alùpùpù náà kì í ṣe àjèjì sí ọmọ ilẹ̀ wa. Ọdún 1976 ni Honda gbé irú rẹ̀ jáde, ọdún náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ẹ̀dà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà ni àwọn ará Ṣáínà ṣe sínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń gbé wa kiri nílé.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá, òjò ń rọ̀, ẹni tó wúwo jù nínú wa ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó dé ráńdábáòtù tó wà nítòsí ilé wa, kòtò kan wà níbẹ̀ tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Táyà ẹ̀yìn bọ́ sínú rẹ̀. Alùpùpù gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, ìdí rẹ̀ sì ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù màlúù. Lọ́rìí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun rí táyà lọ́rìí náà débi pé bí òun bá nawọ́, òun á fọwọ́ kàn án. Nígbà tó délé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ òjò lọ́rùn, kò sì lè jẹ oúnjẹ tí a gbé sílẹ̀ dè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ṣọ́ọ̀kì òsì ti jò, epo dúdú ti lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ lára rẹ̀. A fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí ìjókòó mọ́lẹ̀, a sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tó dára yóò dìde lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Tiwa jó bàtá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fara balẹ̀. Ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí àyẹ̀wò MOT rẹ̀ pé. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ń jò bẹ́ẹ̀ kò lè kọjá níbẹ̀. Mẹkáníìkì kan tí a gbé e lọ bá ní pọ́n-ùn 260 ni tòun pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́, ó sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gbé e sọnù. Owó oṣù wa kò gba ìmọ̀ràn yẹn, ẹsẹ̀ wa kò sì gba ìrìn máìlì mẹ́rin ní aago kan òru.

Kí a tó ra ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe, nítorí iṣẹ́ méjì ni. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Robert Hooke ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1678 pé bí agbára tí a fi tẹ sípíríǹgì bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe sún kì tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí sípíríǹgì bá gbà ló ń dá padà, kì í jẹ gbèsè. Bí kòtò bá tì í sókè, yóò ti ẹni tó jókòó lé e lórí sókè pẹ̀lú. Epo tó wà nínú ọ̀pá àárín ló ń gba inú ihò tín-ín-rín kọjá tipátipá nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ń lọ tó ń bọ̀. Ìjàkadì epo àti ihò yìí ló ń sọ agbára ìfò náà di ooru, tí ọ̀rọ̀ á fi parí síbẹ̀. Epo tiwa ti lọ. Sípíríǹgì nìkan ló kù, ó dà bí onílù tí kò sí ẹni tí yóò ní kó dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan nílé sọ lórí fóònù pé kí a gé rọ́bà táyà, kí a kì í sáàárín sípíríǹgì, pé yóò le. Òótọ́ ni, yóò le. Ṣùgbọ́n rọ́bà kò ní dá epo padà, ìrìn tí táyà ní láti rìn ni yóò gé kúrú, kòtò yóò sì máa kan ẹ̀gbẹ́ ìdí wa tààrà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n ló kàn. Ẹ gbé alùpùpù lé sítáǹdì àárín kí táyà ẹ̀yìn ó wà lófuurufú, ẹ wọn láti àárín táyà dé ibì kan tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí lábẹ́ ìjókòó. Mílímítà 480 ni tiwa. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó ń gùn ún wọ gbogbo aṣọ rẹ̀, kó jókòó bó ṣe máa ń jókòó, kí ẹlòmíràn dì í mú kó má ṣubú, kí ẹnì kẹta sì tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni wa tó wúwo jókòó, ó di 427, ìyẹn ni pé ó ti rì ní 53. Nǹkan bí 90 sì ni gbogbo ìrìn táyà ẹ̀yìn wa. Bí ìdá mẹ́ta ìrìn náà ni ó yẹ kí ẹni tó jókòó jẹ, nǹkan bí 30. Ẹ ò rí i pé ó ti jẹ ju ìdajì lọ kí kòtò tó dé.

Ẹnì kan nínú wa ní ìyẹn kò le, pé kí a yí òrùka tó wà nídìí sípíríǹgì dé ìpele tó kẹ́yìn kí sípíríǹgì lè le sí i. Níbí ni a bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn pàápàá. Òrùka yẹn kò sọ sípíríǹgì di líle. Sípíríǹgì tó ń gba kílò 2 kó tó sún kì ní mílímítà 1, kílò 2 náà ni yóò máa gbà bí ẹ bá yí òrùka dé ìpele 5. Ohun tí òrùka ń ṣe kò ju pé ó ń gbé ìdí alùpùpù sókè díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ jù fún yín, àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

A pinnu láti ra méjèèjì ní tuntun, ibẹ̀ ni ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì dáadáa, bíi Hagon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, máa ń béèrè bí ẹni tó ń gùn ún ti wúwo tó, kí wọ́n lè fi sípíríǹgì tó bá a mu sí i. Àwa mẹ́ta ni a ni alùpùpù kan. Kílò 96 ni ọ̀kan, 61 ni ìkejì, 57 ni ìkẹta. Ẹni 96 ní òun ni ikú fẹ́ pa, nítorí náà tòun ni kí a kọ ránṣẹ́. Àwọn méjì yòókù ní bí sípíríǹgì bá le tó bẹ́ẹ̀, yóò máa fẹ́ àwọn bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀gúsí, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí sípíríǹgì tí ẹni fúyẹ́ kò lè tẹ̀ kì í jẹ́ kí táyà dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀, ewu ni ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ náà gbóná dé ibi tí ẹnì kan ti ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ọjọ́ méjì ni a fi ń kí ara wa lóréfèé nínú ilé ìdáná.

Ìṣirò ló bá wa parí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n ẹni ló ń bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn. Apá kan wà níwájú. Àwọn méjì tó fúyẹ́ sì máa ń di àpò ìwé àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, ìyẹn tó kílò mẹ́wàá. Nítorí náà a kọ kílò 80 ránṣẹ́, a sì ní kí òrùka rẹ̀ ní ìpele 5. Ìpele 1 ni ti àwọn tó fúyẹ́, ìpele 3 ni ti ọ̀gbẹ́ni wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde ni yóò fi sípánà oníkọ́ yí i. Pọ́n-ùn 140 ó lé díẹ̀ ni a san. Gígùn rẹ̀ láti ojú bóòtù òkè dé ti ìsàlẹ̀ bá ti àtijọ́ mu rẹ́gí. Bó bá gùn jù, ìdí alùpùpù yóò ga, ọwọ́ yóò fúyẹ́ jù níwájú. Bó bá kúrú jù, táyà lè máa ha ìbòrí rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni a ṣe é lẹ́yìn ilé, lórí páálí, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a ti ń fi epo tó ń yọ ìpẹtà sí àwọn nọ́ọ̀tì. A kò tú ṣọ́ọ̀kì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà o. A tú ọ̀kan, a fi tuntun sí i, kí a tó fọwọ́ kan ìkejì, nítorí pé bí méjèèjì bá kúrò, apá irin tó di táyà mú yóò já wálẹ̀. A to wáṣà sórí ìwé ìròyìn bí a ṣe ń yọ ọ́, a sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì gbà wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ ẹ́ wọra. Ẹnì kan fẹ́ fi iná sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí pẹtiróòlù wà lórí rẹ̀! A gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, a se omi gbígbóná nínú kẹ́tùlù, a dà á lé e lórí nígbà mẹ́ta, a tún fi epo sí i, a lọ mu tíì. Nígbà tí a padà dé, ó dún pó, ó sì yí.

Kí tuntun tó wọlé, a di apá irin ẹ̀yìn náà mú, a mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, búùṣì rẹ̀ ti jẹ nìyẹn, ṣọ́ọ̀kì tuntun kò sì lè wo àìsàn náà. Tiwa dúró gírí. A fi gíríìsì pa ara bóòtù, a dì í dé ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù sọ. Nígbà tí ìdí ti ga sí i, a tún ṣéènì wò láti ojú ihò rọ́bà ara àpótí rẹ̀, a sì yí iná iwájú, nítorí ilẹ̀ ni ó kọjú sí báyìí. Ẹ má ṣe fi ayùn la ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ wò. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n rọ́ sínú àwọn mìíràn lè fọ́ni lójú. Ibi tí kánsù ń gba irin ni a kó tiwa lọ.

Gbogbo wa tún jókòó, a tún wọ̀n ọ́n: láti 28 sí 33 ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò wa pé a ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó wa. Ẹ má ṣe fo èyí, nítorí àyípadà tí ẹ kò sọ lè di àwáwí lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò wọn. MOT gbà á, ó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó pé.

Ọ̀gbẹ́ni wa ló kọ́kọ́ gùn ún gba ráńdábáòtù náà. Kòtò ṣì wà níbẹ̀. Ó ní táyà wọ inú rẹ̀, ó jáde, ó parí. Ó jẹ ìrẹsì abọ́ méjì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Sípánà tó ń fi ìwọ̀n hàn tí a fi di bóòtù, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni a ti yá a, nítorí pé tiwa wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín láti oṣù kẹsàn-án. Ẹni náà mọ ara rẹ̀. Ilé wa kò tíì yí padà, a máa ń wà nílé lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú.