Ẹrù Tí Ó Yẹ Kí Á Kọ́kọ́ Dì

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí kò tọ́ka sí aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ nìkan. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé ohunkóhun tí ènìyàn yóò fi gbayì lẹ́yìn odi, ilé ni ó ti gbọ́dọ̀ ní in kí ó tó gbéra. Bí òwe náà bá jẹ́ òótọ́ nípa ẹni tí ń lọ sí òde ìyàwó ní Muṣin tàbí ní Sùúrùlérè, ó tún jẹ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹni tí ń lọ bá òkun àti afẹ́fẹ́ ṣeré. Bí ẹni tí ó lọ sí òde ìyàwó bá gbàgbé fìlà rẹ̀ sílé, ojú ni yóò tì í. Bí ẹni tí ó lọ sí ojú òkun bá gbàgbé ohun tí ó yẹ kí ó mú dání, ó lè má padà wálé mọ́.

Eré kan wà tí ó ti gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ etí òkun ayé, tí ọkàn àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa náà sì ń fà sí. Kiteboarding ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ káìtì, èyí tí àwọn ọmọdé ń fi ọ̀rá àti igi ìgbálẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń so òwú mọ́, tí wọ́n sì ń fi sókè nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ẹ wá fi ojú inú wo káìtì kan tí ó fẹ̀ tó iyàrá, tí okùn rẹ̀ sì gùn ju 20 mítà lọ. Ẹni tí ń ṣe eré náà yóò de àmùrè líle mọ́ ìbàdí, yóò fi okùn káìtì kọ́ ọ, yóò ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀já orí pákó pẹlẹbẹ kan, káìtì yóò sì máa fà á lọ lórí omi bí ẹṣin ti ń fa kẹ̀kẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, Bruno àti Dominique Legaignoux, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1984 lórí káìtì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí egungun rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá já bọ́ sínú omi, yóò léfòó, a ó sì tún lè gbé e dìde. Káìtì irú èyí ni ó sọ eré náà di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ṣe.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òkìkí wọn kàn jù fún eré náà ni Sal, erékùṣù kan lára àwọn erékùṣù mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Cape Verde. Ó ju 500 kìlómítà lọ láti etí òkun Senegal dé ibẹ̀. Iyọ̀ ni ìtumọ̀ Sal ní èdè Potogí, nítorí pé wọ́n máa ń wa iyọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Pedra de Lume, nínú ihò òkè kan tí ó ti yọ iná rí, ṣùgbọ́n tí iná rẹ̀ ti kú. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún ọdún kejì, afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn a máa fẹ́ níbẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹbí kan náà ni òun àti ọyẹ́ tí ń gbẹ wá ní ètè ní Èkó. Ọmọ erékùṣù náà kan, Mitu Monteiro, ni ó gba ipò kìíní ní gbogbo ayé ní ọdún 2008 nínú ẹ̀yà eré yìí tí wọ́n ń ṣe lórí ìgbì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé eré àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni.

Ẹ jẹ́ kí á wá wò ó bí ọ̀dọ́ kan láti Yábàá ti ń múra irú àjò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí yóò kọ́kọ́ rà ni awò dúdú, ṣòkòtò péńpé olódòdó, àti fóònù tí yóò fi ya àwòrán. Lẹ́yìn náà ni yóò máa dá owó jọ láti ra káìtì. Bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó gbéra, yóò wá rántí ìwé ìrìnnà. Ní ti ìlúwẹ̀ẹ́, ó lè má ronú kàn án rárá. Èrò tèmi ni pé ìdàrúdàpọ̀ gbáà ni èyí. Ohun tí ó kẹ́yìn ni ó fi síwájú, èyí tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ni kò sì rántí. Ẹrù mẹ́rin ni ó yẹ kí a dì, kí a sì dì wọ́n ní ẹsẹẹsẹ: ìlúwẹ̀ẹ́, ìmọ̀ afẹ́fẹ́, ìwé, lẹ́yìn náà ni àwọn ohun èlò.

Ẹrù kìíní kò ní ìwọ̀n, kò sì sí i ní ọjà Tẹ́júoṣó. Kí ènìyàn mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Ohun ìyanu ni pé àwa tí omi yí ká ní Èkó kò ka ẹ̀kọ́ yìí sí. Ní Màkókó, lẹ́bàá Yábàá, ọmọ kékeré ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kiri lórí ọ̀sà bí ẹni ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rìn díẹ̀ kúrò níbẹ̀, a ó bá ọ̀dọ́ tí ó ti gba oyè ẹ̀kọ́ gíga, tí kò sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú kan. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́ sí pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, níbi tí gbogbo Áfíríkà ti péjọ ṣe ìdíje ní ọdún 1973. Àwọn baba ńlá wa pàápàá kò fi ojú kékeré wo ìlúwẹ̀ẹ́. Ní àwọn ọdún 1640, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Michael Hemmersam kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí ní etí òkun tí í ṣe ti Ghana lónìí a máa so ọmọ wọn mọ́ pákó, wọn a sì jù ú sínú omi kí ó lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ìgbà náà kọ́kọ́ kọ́ omi kí ó tó di ẹni tí ń gun ìgbì, kí ló dé tí àwa yóò fi yí ọ̀rọ̀ náà po?

Ẹnìkan lè fi òwe dá mi lóhùn pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbéraga òmùwẹ̀ ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò sì gbéraga ni ó mọ̀ pé bí ìṣàn omi bá ń wọ́ òun lọ sí àárín òkun, òun kò gbọdọ̀ bá a jà ní tààrà. Yóò lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ìṣàn náà, kí ó tó darí sí ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò fi agbára rẹ̀ ṣòfò ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹrù kejì ni ìmọ̀ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ń sáré ní nǹkan bí kìlómítà 22 sí 46 láàárín wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe eré yìí ń lò. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, káìtì ńlá ni wọ́n ń lò. Bí ó bá le, kékeré ni. Ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ibi tí ó kọ ojú sí ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Kite Beach ní Sal, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wá sí ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ilẹ̀ ni yóò gbé ènìyàn padà sí. Ní Ponta Preta, ní ìhà kejì erékùṣù kan náà, láti orí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sí òkun. Bí okùn akọ́ṣẹ́ bá já níbẹ̀, òkun gbalasa ni ó kọ ojú sí. Ibi méjèèjì yìí kò jìnnà sí ara wọn, oòrùn kan náà ni ó ń ràn sí wọn, àwòrán wọn sì lẹ́wà bákan náà. Ẹni tí ó bá fi àwòrán yan ibi tí yóò ti ṣeré ti fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Nítorí náà, kí owó olùkọ́ jẹ́ owó àkọ́kọ́ tí a ó yà sọ́tọ̀. Olùkọ́ ni yóò kọ́ni bí a ti í tú ara ẹni sílẹ̀ kúrò lára káìtì ní wàràwàrà, àti pé a kì í dá nìkan wọ inú omi.

Ẹrù kẹta ni ìwé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fi àyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti wọ òmíràn, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tí ó pé àti ìwé ẹ̀rí ìlera. Ìwé ìlera yìí ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Láti ọdún 2016 ni a ti gbà á káàkiri ayé pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ìlera àwọn tí a ń lọ bá náà ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Cape Verde. Àwa sì ń ti Èkó lọ, níbi tí ẹ̀fọn kì í ti í jẹ́ kí á sùn. Bí ara arìnrìn-àjò bá ń gbóná kí ó tó gbéra, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá sì ṣàìsàn ní ọ̀hún, kí ó tètè sọ fún dókítà ibi tí ó ti wá. Àlejò rere kì í kó àrùn wọ ilé onílé.

Ìgbà tí a bá ti di mẹ́ta wọ̀nyí tán ni ó tó kan àwọn ohun èlò. Ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó ni kí ó ṣíwájú, kí àṣíborí tẹ̀ lé e, àti àmùrè tí ó ní ohun ìtúra-ẹni-sílẹ̀. Ẹ̀wù fífúnmọ́ra alápá gígùn àti ìpara tí ń dènà oòrùn tún ṣe pàtàkì, nítorí afẹ́fẹ́ a máa tu ara lára débi pé ènìyàn kò ní mọ̀ pé oòrùn ń sun òun. Ọ̀bẹ kékeré tí a fi ń gé okùn, fèrè, àti oògùn ojú ọgbẹ́ kò wúwo. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ kò tíì nílò láti ra káìtì. Kí ó háyà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ó fi 23 kìlógíráàmù ṣe òdiwọ̀n àpótí kan, wọ́n sì lè gba owó gegere lórí ẹrù gígùn. Mo mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ọwọ́ pọ̀ ní Ládiípọ̀ ní Muṣin, tí wọ́n lè sọ àlòkù di ọ̀tun. N kò fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n okùn tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ olówó ni gbogbo èyí, pé ta ni ó rí owó ọkọ̀ òfuurufú. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo wa ni yóò dé Sal. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun kò jìnnà sí wa. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe fíìmù The Endless Summer, tí ó jáde ní ọdún 1966, dé Èkó wá gun ìgbì. Títí di òní, àwọn ọ̀dọ́ ń fi pákó gun ìgbì ní Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi sì ni a ń wọ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbafẹ́ ní Tarkwa Bay ní ọjọ́ kan ṣoṣo nílò ẹrù kìíní àti ẹ̀wù ìléfòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń lọ sí Sal. Omi kì í bèèrè iye tí a san kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé Ọlọ́run ni aláàbò, pé ìmúra àmújù a máa pa adùn eré. Ọlọ́run ni aláàbò ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ èyí tún ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní alẹ́. Ní ti adùn, ta ni ó ń gbádùn ara rẹ̀ lórí omi: ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbéra, tàbí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá ṣubú?

Nítorí náà, kí àwọn òbí tí wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́ ro ti ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ ọn. Kí àwọn ilé-ìwé tí ń kó ọmọ lọ sí etí òkun má ṣe gba orúkọ ọmọ kankan sílẹ̀ láìbèèrè bí ó bá mọ omi, kí wọ́n sì rí i pé ẹ̀wù ìléfòó kárí kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń fojú sọ́nà fún erékùṣù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ní í tán. Ó ń fẹ́ ní ọdún yìí, yóò tún fẹ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ná, kí ẹ tó ra káìtì.