Màlúù Ọdún, Ẹ Jẹ́ Kó Di Màlúù Oṣù

Ẹ̀yin ìyá tó ń dáná fún ọmọ, ẹ̀yin baba tó ń fowó ọbẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé, ọ̀rọ̀ ẹran ni mo bá wá. Ìyá tó bá dé ìsọ̀ alápatà lónìí á kọ́kọ́ dúró, á wo ẹran, á wo owó ọwọ́ rẹ̀, kó tó lanu sọ iye tó fẹ́. Bó bá délé, á tún un gé títí yóò fi kéré bíi máàgí, kó lè kárí. Ẹ jẹ́ ká yéé dá ẹran rà.

Ẹ wo ọ̀nà tí màlúù ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ akẹ́rù, títí dé Kara létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí ọjà màlúù Akínyẹlé n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè, orí ẹran ni wọ́n sì ń rò ó mọ́. Olówò màlúù á jèrè. Dìlálì tó bá wọn nájà á gba tirẹ̀. Alápatà tó dú u á jèrè. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ alápatà wá sí ọjà àdúgbò náà gbọ́dọ̀ jẹun. Kò sí olè nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹran ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló ń san èrè gbogbo wọn.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ogún ilé bá dáwó jọ, wọn á bá màlúù lọ́jà rẹ̀, kí èrè tó gun orí èrè. Kò ṣàjèjì sí wa. Níbi iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń ra màlúù pín nínú oṣù Kejìlá. Nígbà Iléyá, ẹ̀sìn gbà kí ènìyàn méje pawọ́ pọ̀ ra màlúù kan. Nígbà ọdún Iléyá gan-an ni màlúù sì máa ń wọ́n jù, torí gbogbo ayé ló ń wá a. Kí ló dé tí a kì í ṣe é nínú oṣù tí kò sí ọdún, nígbà tí ọjà rọ̀ díẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Màlúù tó wọn 300 kílò láàyè, nǹkan bí ìdajì ló máa ń kù bí wọ́n bá ti yọ orí, ẹsẹ̀, awọ àti nǹkan inú rẹ̀ kúrò. Ìyẹn 150 kílò, teegunteegun. Bí ogún ilé bá pín in, kílò méje àbọ̀ ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tó ń fi ààbọ̀ kílò se ọbẹ̀ á rí ìkòkò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sè nínú rẹ̀. Ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù, ìfun àti bọ̀kọ̀tọ̀ kò sí nínú ìyẹn o. Ẹ lè pín wọn, ẹ sì lè yọ lára wọn fún alápatà kí owó iṣẹ́ rẹ̀ lè dín.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ro owó màlúù, owó ọkọ̀ àti owó alápatà pọ̀, ẹ fi iye kílò pín in, kí ẹ wá fi wé iye tí wọ́n ń ta kílò kan ládùúgbò yín. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò bá tó nǹkan, ẹ fi owó yín sílé.

Ẹni tí kò lè rí owó náà san lẹ́ẹ̀kan, kó máa dá a lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí àwìn: ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pé, kò sí nínú ti oṣù yẹn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, nítorí náà màlúù kan, ìṣirò kan. Bí ẹ bá pín in tán, kí akápò ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí gbogbo yín létí, kí ẹ tó sọ ti òmíràn.

Ẹ mú ẹni tó mọ màlúù dání lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ kó rìn lójú yín. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí imú rẹ̀ tutù, kó má máa wọ́ ẹsẹ̀. Kí Mùsùlùmí dú u, kí gbogbo ilé lè jẹ níbẹ̀. Ilé ìpẹran tí ìjọba mọ̀ sí ni kí ẹ gbé e lọ, kí dókítà ẹran wo fùkù àti àwọn nǹkan inú rẹ̀ yòókù, nítorí màlúù náà ń ní ikọ́ ife.

Ẹ má tìtorí owó pọ́ọ́kú ra ẹran òkúǹbete. Lọ́dún 2023, nígbà tí àrùn anthrax, tó máa ń ti ara ẹran ran ènìyàn, bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kìlọ̀ fún wa nípa pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Nínú oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n rí àrùn náà ní Ìpínlẹ̀ Niger. Sísè lásán kì í fi dandan pa kòkòrò rẹ̀. Bákan náà ni pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi táyà sun: májèlé inú èéfín náà kì í bá omi ọṣẹ lọ.

Ibi pípín ni ìjà ti máa ń bẹ́. Ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀rá tó mọ́ sílẹ̀, ẹ gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Kí òkìtì kọ̀ọ̀kan ní ẹran itan, kó ní egungun ìhà, kó ní ti ọrùn, kó ní ṣàkì tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí bébà, ẹ ká a, kí ọmọdé kan máa mú un fún yín. Ẹni tó pín in ni kó gba tirẹ̀ kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ á gún.

Iná ìjọba kò ṣeé gbójú lé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ pín tiyín sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá kan fún ìkòkò kan. Ẹni tó ní fìrísà tó ń dì dáadáa, kó kó o sí i. Ẹni tí kò ní, kó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́, kó wá dín in tàbí kó yan án gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹran tútù ju wákàtí méjì lọ níta. Ẹ má da omi ẹran nù: egungun tó bá pẹ́ lórí iná á mú kí ẹ̀fọ́ rírò dùn bí ẹran kò tilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Bí ogún ilé bá ṣòro kó jọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹja dídì. Páálí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 20 kílò. Ìyá márùn-ún lè pín in ní kílò mẹ́rin-mẹ́rin. Ilé mẹ́ta sì lè pa ewúrẹ́ kan.

Ẹ̀yin baba, ẹ gbọ́ èyí náà. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá mọ adùn ẹran yóò jalè. Ọmọ tó ń dàgbà ni ẹran wúlò fún jù nínú ilé. Bí ẹ bá pín màlúù tán tí abọ́ tiyín nìkan wá kún, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ní ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀, ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ yan akápò kan tí gbogbo yín fọkàn tán àti ẹni méjì tí yóò máa yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó bá fẹ́, ẹ mú oṣù kan tí kò sí ọdún, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.