Ta Ló Ní Ebi Ń Pa Àlejò ní Zaria?

Iṣẹ́ a máa gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí Zaria fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan: olùkọ́ tó ń lọ sí Yunifásítì Ahmadu Bello, òṣìṣẹ́ tó ń lọ gba ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ òfúrufú ní ilé-ẹ̀kọ́ NCAT. Ìkìlọ̀ kan náà ni gbogbo ilé fi ń sìn wọ́n sọ́nà: "Di oúnjẹ dání o! Gàm̀bàrí ò ní oúnjẹ gidi, tùwó nìkan ni wọ́n mọ̀." Kò sí ẹ̀rí kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ju pé ẹnu gbogbo ayé ló wà.

Ìkòkò ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí irọ́ náà. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú tòmátì, àlùbọ́sà, tàtàṣé, ẹ̀wà àti màlúù tí Ìbàdàn àti Èkó ń jẹ ti ń wá. Nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kaduna lọ́dún 2016, igbe ọ̀wọ́n gba Èkó kan. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù kò jẹ́ kí ẹrù kọjá sí gúúsù mọ́. Ọjọ́ mélòó kan péré ni, síbẹ̀ owó àlùbọ́sà àti ẹran fò fẹ̀rẹ̀. Àwọn tó figbe ta nígbà náà ló tún ń sọ pé kò sí oúnjẹ níbi tí oúnjẹ wọn ti ń wá! Kí ni wọ́n sì ń dì sápò? Ata gbígbẹ tó ti Òkè Ọya rìn dé ọjà Bódìjà, tí wọ́n wá ń san owó ọkọ̀ fún kó lè padà sílé. Ẹ̀wà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Samaru ní Zaria, IAR, ló mú SAMPEA 20-T jáde lọ́dún 2019, irúgbìn ẹ̀wà tí apá kòkòrò Maruca kò ká.

Ní Samaru, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, alákàrà ti gbé agbada kaná lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀wà lílọ̀ tó po àlùbọ́sà mọ́ ló ń dà sínú òróró ẹ̀pà. Bó bá ti pọ́n, á fi ìwé ìròyìn wé e, á bu yaji, ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ mọ́ atalẹ̀, sí i. Kòkó jéró gbígbóná tó ń ta sánsán kànáfùrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó jẹ àkàrà àti ògì dàgbà ni yóò pe èyí ní oúnjẹ àjèjì?

Lọ́jà, ilá wà, ewédú wà, ìṣápá wà, ìrú gbígbẹ wà. Ọbẹ̀ ewé oṣè tí wọ́n fi ń jẹ tùwó kò ṣàjèjì sí ará Ìlọrin. Ọkà bàbà tí wọ́n fi ń ro tùwó náà ni a fi ń ṣe ògì bàbà nílé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí àmàlà, kó kọrí sí Sabon Gari, níbi tí àwọn ará gúúsù ti ń gbé láti ayé ìgbà tí rélùwéè Baro sí Kano, tó parí lọ́dún 1911, ti gba Zaria kọjá. Ẹ̀lùbọ́, gààrì àti epo pupa wà níbẹ̀, àfi pé owó ọkọ̀ máa ń gun orí iye wọn.

Àwọn mìíràn á tún mú àwáwí mìíràn wá. Ní ti ààwẹ̀: wọ́n ń ta oúnjẹ lọ́sàn-án ní Sabon Gari. Ní ti inú rírun: kí àlejò se omi kó hó. Ní ti èdè: ìka ọwọ́ àti owó bébà ti tó ná ọjà.

Ohun tó yẹ kò ṣòro. Ìkòkò kan, sítóòfù kékeré àti ọ̀bẹ ti tó dì lẹ́rù. Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kwangila, kó wọ ọjà, kó ra ẹ̀wà òṣùwọ̀n tíyà kan, kó sì dáná. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ di gààrì, kó dì í. Kó má sáà pe ọ̀kánjúwà ẹnu rẹ̀ ní ebi Zaria.